Bí A Ṣe Ń Yan Sọ́fítíwíà fún Kíkọ àti Kíkà Táàbù Gìtá

Ọ̀pọ̀ onígìtá tí ọwọ́ wọn dára nílẹ̀ Yorùbá ni kò kọ ohun tí wọ́n ń ta sílẹ̀ rí. Etí ni wọ́n fi gbà á lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, inú ìka ni wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹgbẹ́ olórin bá tú ká, tàbí tí ọ̀gá bá dàgbà tí ìka rẹ̀ kò yá mọ́, rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ló kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, gìtá mẹ́ta lè máa sọ̀rọ̀ pọ̀ lábẹ́ gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, débi pé ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti lágbájá. Táàbù, ìyẹn kíkọ orin gìtá sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà àti nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ọwọ́ yóò wà, lè gba irú orin bẹ́ẹ̀ là. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kò lágbára púpọ̀, tàbí fóònù nìkan, tó sì fẹ́ mọ sọ́fítíwíà tí òun lè fọkàn tán.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí a ṣe ń bá a lọ: fáìlì tí ẹ kọ orin yín sí ṣe pàtàkì ju sọ́fítíwíà tí ẹ fi kọ ọ́ lọ. Sọ́fítíwíà ń kú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè fi í sílẹ̀, kọ̀ǹpútà tuntun sì lè má gbà á mọ́. Bí orin yín bá há sínú rẹ̀, ó bá a lọ nìyẹn.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí táàbù ń sọ

Ìlà mẹ́fà ni táàbù gìtá ní, ìlà kan fún okùn kan. Ìlà tó wà lókè pátápátá ni okùn kìíní, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ. Ìlà ìsàlẹ̀ ni okùn tó nípọn jù lọ. Èyí máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú, torí pé bí ènìyàn bá gbé gìtá sáyà, okùn tó nípọn ló wà lókè. Ẹ fi gìtá lélẹ̀ sórí itan kí ẹ wo okùn rẹ̀ láti òkè, ẹ ó rí i pé bí ó ṣe rí lójú yín níbẹ̀ ló ṣe rí lórí ìwé. Nọ́ńbà tó wà lórí ìlà ni fúrẹ́ẹ̀tì (ààyè láàárín àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá) tí ẹ ó tẹ̀. Òdo túmọ̀ sí pé kí ẹ ta okùn náà láì tẹ̀ ẹ́.

Púpọ̀ nínú wa tó dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ sol-fa dáadáa. Sol-fa á sọ ohùn tí ẹ ó kọ fún yín, ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tí ọwọ́ yóò wà, bẹ́ẹ̀ lórí gìtá, ohùn kan lè wà níbi púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká wà ní kí (key) C. "Mi" tí okùn kìíní ń ké nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́ tún wà lórí okùn kejì ní fúrẹ́ẹ̀tì 5, lórí okùn kẹta ní 9, lórí okùn kẹrin ní 14, àti lórí okùn karùn-ún ní 19. Ibi márùn-ún fún ohùn kan! Ibi tí ẹ bá ti ta á ni yóò sọ bóyá ohùn náà yóò dún gbọnrangandan tàbí kí ó rọ̀, òun náà ni yóò sọ bóyá ìka yín lè dé ohùn tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí táàbù ń ṣe nìyẹn, tí sol-fa kò lè ṣe.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí a ó lò fún ìdánwò níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí kọ́ọ̀dù C, ó sì bọ́ sórí F:

```
e|------0-----------1-----|
B|----1---1-------1---1---|
G|--0-------0---2-------2-|
D|------------3-----------|
A|3-----------------------|
E|------------------------|
```

Irú táàbù báyìí, tí a fi lẹ́tà àti dáàṣì lásán tẹ̀, ló kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé lásán. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sọ àsìkò. Ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí kò lè mọ̀ bóyá ohùn kan yára tàbí ó fà. Nǹkan mìíràn tún ni pé bí lẹ́tà orí ẹ̀rọ yín kò bá fẹ̀ bákan náà, àwọn nọ́ńbà á yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Bí táàbù bá rí wọ́gọwọ̀gọ lójú yín, ẹ yí irú lẹ́tà rẹ̀ sí Courier tàbí Consolas, á tò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ ohun tí o fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí o tó gba ohunkóhun

Dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Má wulẹ̀ gba sọ́fítíwíà mẹ́rin sórí kọ̀ǹpútà kí o tó máa rò ó. Mú bébà kan, kí o sì dáhùn ìwọ̀nyí: Ṣé kíkà nìkan ni mo fẹ́ máa ka táàbù ẹlòmíràn, àbí mo fẹ́ kọ tèmi? Ṣé gìtá kan ni, àbí gbogbo ẹgbẹ́? Ṣé ẹni tí mo fẹ́ fún mọ táàbù nìkan, àbí ó ń ka àmì orin onílà márùn-ún pẹ̀lú? Ṣé mo máa ń ní íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo bá ń kọ́ orin? Kọ̀ǹpútà wo ni mo ní, ṣé Windows ni, Linux ni, Mac ni, àbí fóònù Android nìkan?

Ẹni tó fẹ́ ka táàbù lórí fóònù nìkan kò nílò ohun tí ẹni tó fẹ́ kọ gìtá mẹ́ta pẹ̀lú báàsì nílò. Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ló máa gé ìdajì wàhálà yín kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: mọ irú fáìlì tó máa dé ọwọ́ rẹ

Bí ọ̀rẹ́ bá fi táàbù ránṣẹ́ sí yín, ẹ wo ìparí orúkọ fáìlì náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ Arobas Music ní Faransé ló ń ṣe Guitar Pro, láti ọdún 1997, fáìlì rẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn onígìtá. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ máa ń parí sí .gp3, .gp4 àti .gp5. Guitar Pro 6 tó jáde ní 2010 ń lo .gpx. Guitar Pro 7 ti ọdún 2017 àti Guitar Pro 8 ti ọdún 2022 ń lo .gp. Sọ́fítíwíà tó ṣí .gp5 lè má ṣí .gp, nítorí náà kí ẹ má rò pé fáìlì bàjẹ́ nígbà tí kò bá ṣí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà sọ́fítíwíà yín ló ti pẹ́.

Ẹ lè bá .ptb pàdé pẹ̀lú. Power Tab Editor ló ni ín, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ orí Windows tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn gan-an nígbà kan, kí àtúnṣe rẹ̀ tó dáwọ́ dúró. Táàbù àtàtà púpọ̀ ṣì wà nínú fáìlì .ptb, TuxGuitar sì lè ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni .tef jẹ́ ti TablEdit, tó ní òǹkàwé ọ̀fẹ́ tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TEFview.

Méjì tó kù ni MusicXML àti MIDI, ẹ má sì kà wọ́n sí ọ̀kan náà. MusicXML ni èdè tí sọ́fítíwíà orin oríṣiríṣi fi ń bára wọn sọ̀rọ̀; ó lè gbé nọ́ńbà okùn àti fúrẹ́ẹ̀tì dání. MIDI ní tirẹ̀ mọ ohùn àti àsìkò, kò mọ okùn. Bí ẹ bá fi MIDI gbé orin láti ibì kan dé ibòmíràn, sọ́fítíwíà kejì á kàn méfò ibi tí ọwọ́ wà ni, ó sì lè gbé "mi" tí ẹ ta lórí okùn kejì lọ sórí okùn kìíní. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ kọ táàbù ti sọnù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn tó yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò

Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára, tí kò sì fẹ́ náwó, kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí TuxGuitar. Ọ̀fẹ́ ni, ìṣọwọ́kọ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac, ó sì ní ti Android. Ó ń ṣí fáìlì Guitar Pro àtijọ́, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tuntun sì ń ṣí .gpx àti .gp pẹ̀lú. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó ti àwọn olówó, ìyẹn kò sì bà mí nínú jẹ́, torí pé a kò fi táàbù ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kí ó máa kọrin, tí kò sì dún rárá, ẹ wọ ibi ètò ohùn rẹ̀ kí ẹ yan ojú ọ̀nà ohùn MIDI (MIDI port) mìíràn. Ibẹ̀ ni ìṣòro náà sábà máa ń wà.

MuseScore Studio náà jẹ́ ọ̀fẹ́, òun ni mo sì gbà níyànjú fún ẹni tí táàbù rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ olùdarí akọrin tàbí onífèrè. Ó lè gbé ìlà àmì orin àti ìlà táàbù lé ara wọn, kí ó so wọ́n pọ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ bá kọ sí ọ̀kan á hàn lórí èkejì. Ó ń ṣí fáìlì Guitar Pro, ṣùgbọ́n kò lè tọ́jú iṣẹ́ padà sí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. MusicXML, MIDI, PDF àti ohùn ló ń gbé jáde. MuseScore 4, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wúwo ju MuseScore 3 lọ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ á sì fara balẹ̀ dáadáa kí ó tó gbé e. Àwọn ohùn dídùn tí wọ́n ń pè ní Muse Sounds kì í ṣe dandan. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí dátà bá ń dùn yín. Láti ẹ̀dà 4.2, ní ìparí ọdún 2023, ni wọ́n ti tún ọ̀nà tí a fi ń kọ fífa okùn ṣe, nítorí náà bí ẹ bá ń fa okùn púpọ̀ nígbà tí ẹ ń ta, ẹ má ṣe dúró lórí ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà yín bá gbà.

Ẹ ṣọ́ra níbí: sọ́fítíwíà MuseScore yàtọ̀ sí ìkànnì musescore.com, níbi tí àwọn ènìyàn ń kó orin sí, tí ìkànnì náà sì ń béèrè owó àsansílẹ̀ kí a tó lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé sọ́fítíwíà ló ń béèrè owó, wọ́n á sì pa á tì. Áàpù fóònù rẹ̀ náà, fún wíwo orin ló wà. Ẹ kò lè fi kọ orin.

Guitar Pro ni olówó nínú wọn. A máa ń ra ìwé àṣẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, kì í ṣe owó oṣooṣù, ẹ̀yà ìdánwò sì wà. Ohùn rẹ̀ dára, àtẹ ìkọ̀wé rẹ̀ yára, olùkọ́ gìtá tó ń kọ ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ yóò rí owó rẹ̀ gbà padà nínú àsìkò tí yóò fi pamọ́. Windows àti Mac nìkan ni Guitar Pro 7 àti 8 wà fún. Ẹni tó ń lo Linux, TuxGuitar tàbí MuseScore ni kí ó mú. Mo sì fẹ́ sọ èyí láìfi bò: ẹ jìnnà sí ẹ̀dà olè tí wọ́n ń tà sínú fíláàṣì. Fáírọ́ọ̀sì máa ń bá a wọlé, àwa olórin tí à ń ké pé wọ́n ń jí orin wa kò sì yẹ kí a máa jí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Songsterr dára fún kíkà: ẹ ṣí i, ẹ yan orin, ó ń kọrin bí ìlà ṣe ń rìn. Díẹ̀ nínú irinṣẹ́ ìfikọ́ra rẹ̀ ló ń gba owó. Soundslice ní ohun kan tí mo fẹ́ràn gidigidi: ó lè so táàbù mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí fídíò gan-an, tí ẹ ó máa wo ọwọ́ olórin bí àmì ṣe ń kọjá lórí táàbù. Fún ẹni tó fẹ́ kọ ọwọ́ ọ̀gá àgbà kan sílẹ̀, tó sì ti gba fídíò rẹ̀, kò sí èyí tó sunmọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí dátà bá tán, ìlẹ̀kùn ti tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: dán an wò pẹ̀lú orin tìrẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò kọjá, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ jù lọ. Ẹ má fi orin àpẹẹrẹ tó wà nínú sọ́fítíwíà dán an wò. Àwọn tó ṣe é ti yan èyí tó máa dùn. Ẹ mú táàbù C àti F tí mo kọ sókè yẹn, tàbí ọwọ́ kan tí ẹ̀yin fúnra yín ń ta, kí ẹ kọ ọ́ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìlù. Ọ̀pọ̀ orin jùjú wọ inú 4/4, àmọ́ púpọ̀ nínú ìlù ìbílẹ̀ wa àti orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pín bíìtì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, 12/8 sì ni a fi ń kọ ìyẹn. Àpẹẹrẹ wa ní ohùn méjìlá gẹ́lẹ́, mẹ́fà lórí C, mẹ́fà lórí F, nítorí náà bar (ìpín ìlù) kan ṣoṣo ti 12/8 ló máa gbà á. Ẹ yan 12/8, ẹ yan ohùn kúkúrú tí wọ́n ń pè ní quaver, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà fúrẹ́ẹ̀tì sórí okùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú TuxGuitar, ọfà orí kíbọ́ọ̀dù ni ẹ ó fi rìn láti okùn dé okùn, ẹ ó tẹ nọ́ńbà, ẹ ó sì fi àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò yí gígùn ohùn padà. Nínú MuseScore, ẹ tẹ lẹ́tà N kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí ìlà táàbù, nọ́ńbà lásán ni fúrẹ́ẹ̀tì, Shift pẹ̀lú nọ́ńbà ló ń yan gígùn ohùn. Ẹni tí kò mọ èyí á máa tẹ 5 kí ó lè yan crotchet (ohùn tó gùn tó quaver méjì), fúrẹ́ẹ̀tì 5 ni yóò máa jáde, inú á sì bí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà agogo sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó kọrin. Etí yín ni yóò ṣe ìdájọ́. Bí gìtá bá ń tiro lẹ́yìn agogo, ìwọ̀n ìlù tí ẹ yàn ni ẹ kọ́kọ́ tún wò, kí ẹ tó dá sọ́fítíwíà lẹ́bi. Ohun tí mò ń wò níbí ni bí ó ṣe rọrùn tó láti ṣàtúnṣe: ṣé mo lè gbé ohùn kan láti okùn kẹta lọ sí okùn kejì láì pa á rẹ́? Ṣé mo lè ṣe ẹ̀dà bar kan kí n sì lẹ̀ ẹ́ sí iwájú? Orin wa ń yí po, ọwọ́ kan náà lè wá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí ìyàtọ̀ díẹ̀ tó wọlé. Sọ́fítíwíà tó bá sọ pé kí ẹ tún un tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá fi gìtá kejì kún un. Nínú jùjú, gìtá kan kì í dá sọ̀rọ̀: ọ̀kan á béèrè, èkejì á dá a lóhùn ní ààyè tí ti àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹ lè rí gìtá méjèèjì lórí ojú kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, àti bóyá ẹ lè pa ohùn ọ̀kan lẹ́nu kí ẹ gbọ́ èkejì nìkan. MuseScore ń fi gbogbo wọn hàn pọ̀ láìjẹ́ pé a béèrè. Nínú TuxGuitar àti Guitar Pro, ẹ ó lọ yan ìwò ọlọ́pọ̀ ìlà fúnra yín.

Bí gìtá yín kò bá jẹ́ olókùn mẹ́fà tí a tò sí E A D G B E, ẹ dán ìyẹn wò lọ́jọ́ kìíní. Ẹ yí ohùn okùn kan wálẹ̀ nínú ètò, kí ẹ gbọ́ bóyá orin náà yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi capo (ohun tí a fi ń há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá) sí fúrẹ́ẹ̀tì kejì, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn gòkè. Gìtá onípẹ́dà tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù mú wọ ẹgbẹ́ King Sunny Adé sábà máa ń ní okùn mẹ́wàá lórí ọrùn kan, pẹ́dà sì ń yí ohùn okùn bí ó ti ń dún lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà táàbù kò mọ pẹ́dà. Nínú MuseScore, ẹ lè fi kún iye okùn fúnra yín, kí ẹ sì kọ orúkọ pẹ́dà sórí ohùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Yóò ṣeé kà. Kò ní ṣeé gbọ́ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wo ọ̀nà àbájáde

Kí ẹ tó gbé orin kejì lé e, ẹ gbé orin ìdánwò yìí jáde sí PDF àti MusicXML. Ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù: ṣé nọ́ńbà tóbi tó láti kà lórí ìdúró ìwé orin, láìfi ìka fẹ̀ ẹ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilé ìtẹ̀wé àdúgbò, lórí bébà A4, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni orí bébà ni yóò ti ṣiṣẹ́ níbi ìdánrawò tí iná bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí MusicXML náà nínú sọ́fítíwíà mìíràn, kí ẹ wò ó bóyá àwọn nọ́ńbà ṣì wà lórí okùn tí ẹ fi wọ́n sí. Bí wọ́n bá ti ṣí kúrò, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí gbogbo iṣẹ́ yín lọ́jọ́ iwájú.

Fún orin kọ̀ọ̀kan tó ṣe pàtàkì sí yín, fáìlì mẹ́ta ni kí ẹ tọ́jú: fáìlì sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀, MusicXML, àti PDF. Ẹ kọ irú títò okùn, kí (key) orin náà, ipò capo, orúkọ ẹni tó ta á àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kìíní. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí fíláàṣì, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìkànnì kan ṣoṣo. Láti ọdún 1992 ni àwọn onígìtá kárí ayé ti ń kó táàbù sínú àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní OLGA. Ní ọdún 2006, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin kọ lẹ́tà òfin sí i, ó sì ti ìlẹ̀kùn.

Èyí kan ẹ̀tọ́ àwa náà. Bí orin tí ẹ kọ sílẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn tó ṣì wà láàyè tàbí tí ìdílé rẹ̀ ni ín, kíkọ ọ́ fún ìkọ́ṣẹ́ ara yín yàtọ̀ sí títà á tàbí kíkó o sójú ayé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Inú ọ̀pọ̀ ọ̀gá àgbà á dùn pé ẹnì kan fẹ́ kọ ọwọ́ àwọn sílẹ̀, wọ́n á sì ṣàtúnṣe táàbù náà fún yín níbi tí etí yín kò ti gbọ́ ọ dáadáa.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì

Ẹni tó ní fóònù Android nìkan: TuxGuitar ti Android ni kí ẹ fi ka fáìlì, Songsterr nígbà tí dátà bá wà. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, tó fẹ́ kọ ọwọ́ gìtá rẹ̀: TuxGuitar. Ẹni tó ń kọ fún ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ onífèrè: MuseScore, ẹ̀dà 3 bí kọ̀ǹpútà kò bá lágbára. Olùkọ́ tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun: kí ó dán Guitar Pro wò ná, kí ó sì rà á bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ní fídíò ọ̀gá àgbà lọ́wọ́, kí ó gbé e lọ sórí Soundslice ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ọ̀gá náà ṣì wà láti dáhùn ìbéèrè.